Ta Ni Ó Ni Ìlù tí Ìlọrin Ń Jó Sí?

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ohun láti rà fún mọ́tò rẹ̀ ní Ìlọrin, ìbáà ṣe táyà, ìbáà ṣe bátìrì, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀nà Táíwò hàn án. Ẹsẹ̀ ni yóò mú un débẹ̀. Láti Táíwò Òkè dé Táíwò Ìsàlẹ̀, ariwo ọjà àti ariwo ọkọ̀ kì í gba ara wọn láyè. Ṣùgbọ́n bí a bá bi mẹ́wàá nínú àwọn tí ń ná ọjà níbẹ̀ léèrè pé ta ni Táíwò, a kò rò pé méjì yóò dáhùn láìronú. Sójà ni. Kọ́nẹ́lì Ibrahim Taiwo ni gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Kwara láti oṣù Júláì 1975. Kò lò ju oṣù méje lọ lórí àga tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Dimka ṣíwájú wọn fi pa á, ní ọjọ́ 13 oṣù Fẹ́búárì 1976, ọjọ́ kan náà tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba, ní Èkó. Orúkọ ìṣèlú ni ọ̀nà náà ń jẹ́, bí ẹni tí ń ra táyà tilẹ̀ ti gbàgbé.

Lórí ọ̀nà kan náà ni pápá ìṣeré Ìpínlẹ̀ Kwara wà, a sì ti fi orúkọ Ràṣídì Yẹkínì pe gbàgede ńlá inú rẹ̀. Sójà kan, agbábọ́ọ̀lù kan: àwọn méjèèjì ti lọ, orúkọ wọn sì jọ wà lójú kan bí ará ilé. A kò rí èyí bí ohun tí ó ṣèèṣì. Ní Ìlọrin, ọ̀nà ìṣèlú àti ọ̀nà eré kò jìnnà sí ara wọn rí.

Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ará ìlú àti ẹ̀yin oníṣòwò sọ lónìí ni pé olórin, agbábọ́ọ̀lù àti òṣèré ìlú yìí ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹun nínú àwo àwọn olóṣèlú. Oúnjẹ náà dùn. Ó ti bọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn tí ìyà ì bá pa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa náà ni wọ́n wí pé ẹnu tí ó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, àwa sì ń fẹ́ mọ iye òdodo tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn tí ń dá wa lára yá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi orin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbó jùlọ. Gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé nínú oríkì Ìlọrin, a máa ń fi yangàn pé ìlú náà kò ní eégún, pé ẹṣin ni ó dúró sí ipò eégún fún wọn. Ó sì jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí àwọn ẹlẹ́ṣin ní àkókò Iléyá, nínú aṣọ oríṣiríṣi, tí wọ́n ń sáré wá júbà Ẹ́míà, yóò mọ̀ pé eré ni òun ń wò, yóò sì mọ̀ pé eré ńlá ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Abdul-Rasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin, tí ó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete rí, tí ó sì ti kọ ìwé lórí orin dadakúàdà, tọ́ka sí i pé inú iwì egúngún ni orin náà ti ṣẹ̀ wá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a jẹ́ pé eégún tí a lé jáde ní ojúde bọ́ ẹ̀kú rẹ̀ sílẹ̀, ó wé láwàní, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà tòun ti ohùn rẹ̀.

Orin mìíràn wà ní Ìlọrin, a kò sẹ́. Àwọn àáfà ní wákà tí wọ́n fi ń wàásù, àwọn obìnrin ní bàlúù tí wọ́n fi ń sin ìyàwó, sẹ́nwẹlẹ náà sì ní àwọn tí ń jó o. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìlú bá dé, dadakúàdà ni ọ̀gá.

Ẹni tí kò bá tíì jókòó níbi tí a ti ń kọ ọ́ kò lè mọ agbára rẹ̀. Aṣíwájú ni yóò gbé ohùn, àwọn ẹlẹ́gbè yóò gbè é, ìlù yóò sì máa tẹ̀lé ẹnu rẹ̀ bí ọmọ ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko. Bí ó bá rí i tí ọlọ́lá kan wọlé, yóò pa orin tì. Yóò ki bàbá ọlọ́lá náà, yóò ki ìyá rẹ̀, yóò dárúkọ agbo ilé wọn, yóò fi gbólóhùn Lárúbáwá kan gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà ni yóò wá ju òwe kan sílẹ̀ tí ọ̀tá ọlọ́lá náà yóò gbọ́ tí oorun kò ní kùn ún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Owó yóò bọ́. Bí ó ti rí níbi ìsọmọlórúkọ ni ó rí níbi ìgbéyàwó, níbi ìwúyè, àti níbi tí a ti ń pàdé àwọn tí wọ́n ti Mẹ́kà dé. Nígbà tí àwo orin dé, tí rédíò dé, tí kásẹ́ẹ̀tì sì tẹ̀lé wọn, ohun tí a sọ nínú agbo ilé kan ní Ìlọrin di ohun tí a ń gbọ́ ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Òkè-Ọya. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni olórin náà ń ṣe, fún àwọn tí kò lè ka ìwé ìròyìn. Ohun kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: òǹkàwé ni ó ń ra ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹni tí a fi kọrin ni ó ń san owó orin.

A kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Odòlayé Àrẹ̀mú, tí ó kú ní 1997, Jáígbadé Àlàó, Ọmọékeé Àmàó, Àrẹ̀mú Ọ̀sẹ́: ìlú tí ó ní irú àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ wọ́n. Ẹnu wọn kì í sì í ṣe ẹnu ẹrú. Ọlọ́lá tí ó bá hawọ́ mọ́ olórin mọ ohun tí yóò gbọ́ nígbà tí ó bá yá, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó sì ń bẹ̀rù ilé ẹjọ́ díẹ̀ ń bẹ̀rù olórin púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìbínú nítorí owó kọ́ ni òdodo.

Kí a tó lè mọ irú ìṣèlú tí orin yìí bá pàdé, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí 1954 tàbí àwọn ọdún tí ó sún mọ́ ọn. Ìlọrin wà ní Àríwá nígbà náà, lábẹ́ ìjọba tí ó wà ní Kàdúná, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ní ilé àti ní ọjà. Ẹ́míà Abdulkadir ni ó wà lórí oyè, ó sì ti wà níbẹ̀ láti 1919. Owó orí wúwo lọ́rùn àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń bí wọn nínú, àwọn tí a fi ṣe olórí àdúgbò sì wà lára ohun tí wọ́n ń kùn sí. Ní oṣù Jánúárì 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀gbọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí i pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń lọ sí ilé ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ó padà dé ilé, ó wo ọmọ tirẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ ti jáde, tí Alhaji Sulaiman Maito sì jẹ́ aṣíwájú rẹ̀. Ẹ tún orúkọ náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a gbà lọ́wọ́ Hausa ni tálákà, Yorùbá pọ́ńbélé ni parapọ̀. Ìlú mìíràn kò lè bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ègbè orin. Ẹgbẹ́ náà bá Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dọ́rẹ̀ẹ́. Nínú ìdìbò tí wọ́n dì láàárín 1956 sí 1957, àwọn mẹ̀kúnnù wọ̀nyí, pẹ̀lú ìbò lásán, gba ìgbìmọ̀ Native Authority Ìlọrin mọ́ àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo Àríwá ní ìgbà náà. Kò pẹ́ lọ títí. Ní 1958, ìjọba Àríwá tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ìgbìmọ̀ Willink tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán wá ní 1957 gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ń fẹ́ kí Ìlọrin bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n nígbà tí òmìnira dé ní 1960, inú Àríwá ni ó bá Ìlọrin.

A mẹ́nu bà á nítorí ìdí kan. Ọdún mélòó kan ni mẹ̀kúnnù Ìlọrin fi ní ohùn tí ẹnikẹ́ni kò rà fún wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni a fi ń wọn gbogbo èyí tí ó tẹ̀lé e.

Ọ̀ràn Akíntọ́lá ni ó jẹ́ kí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orin àti eré orí ìtàgé hàn gbangba sí wa. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Alákòóso Àgbà Ìwọ̀-Oòrùn, jẹ́ ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, kò sì yani lẹ́nu pé olórin tí òun náà jẹ́ ọ̀jẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Orin tí Odòlayé Àrẹ̀mú fi dárò rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn sójà pa á ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Jánúárì 1966, wà lára ohun tí àwọn àgbà ṣì ń rántí. Ẹ wá wo Hubert Ògúńdé ní apá kejì. Ní 1964, ó gbé eré kan jáde tí ó pè ní Yorùbá Ronú, ó sì fi gún ìjọba Akíntọ́lá kan náà ní kẹ́ṣẹ́. Ìjọba Ìbàdàn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀: kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbà tí àwọn sójà dé ní 1966, tí Ọ̀gágun Fájuyì di gómìnà, ni a tó mú òfin náà kúrò. Òfin Ìbàdàn kò ré kọjá ààlà, nítorí náà kò dé Ìlọrin.

Ọkùnrin kan náà ni àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Olórin kan ń sunkún rẹ̀, òṣèré kan ti nà án ní pàṣán. Àwa kò fẹ́ sọ èyí tí ó tọ̀nà nínú wọn. Ojú tí Ògbómọ̀ṣọ́ fi wo Akíntọ́lá kọ́ ni Ìjẹ̀bú fi wò ó. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni ibi tí owó oúnjẹ wọn ti ń wá. Ògúńdé ń gba owó ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, lọ́wọ́ akọ̀wé, lọ́wọ́ aláṣọ, lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ìjọba kan bá bínú sí i, owó awakọ̀ kò bínú. Olórin dadakúàdà ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́lá tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀. Ó ṣòro kí ó gún ẹni náà ní kẹ́ṣẹ́, kí ó sì tún na ọwọ́.

Lẹ́yìn Akíntọ́lá, Ìlọrin rí ọlọ́lá tirẹ̀. Dókítà Olúṣọlá Sàràkí, tí a bí ní 1933, tí gbogbo ìlú ń pè ní Olóyè, jẹ́ aṣíwájú ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti 1979 sí 1983. Láti ìgbà náà títí tí ó fi kú ní ọjọ́ 14 oṣù Nòfẹ́ńbà 2012, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi lè di gómìnà ní Kwara láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ní 1983, ó kọ̀yìn sí Adamu Attah tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ NPN tirẹ̀, ìbò àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbé Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN wọlé. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin kan ṣoṣo, ó mú àwọn ènìyàn rẹ̀ fò láti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, wọn kò sì bi í ní ìdí. Ilé rẹ̀ tí a ń pè ní Ilé Arúgbó ni àwọn àgbàlagbà ti ń gba oúnjẹ àti owó. Orúkọ rẹ̀ kò wọ́n nínú orin Ìlọrin.

Ní 2003, ọmọ rẹ̀, Bukola Saraki, di gómìnà, ó sì ṣe é fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ó di 2011, bàbá ní kí ọmọ òun obìnrin, Gbemisola, gba ipò náà. Bukola ní Abdulfatah Ahmed ni yóò gbà á. Bàbá gbé ẹgbẹ́ kékeré kan dìde, ọmọ dúró sínú ẹgbẹ́ ńlá, Ahmed sì wọlé. Ìlú tí ó ń wo irú èyí lójúmọmọ, a kò mọ ohun tí òǹkọ̀wé eré yóò kọ tí yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn.

Ìgbà tí ó tó wàyí ni 2019. Gbólóhùn kékeré kan jáde, Ó tó gẹ́, ó di orin, ó di ijó, ó sì di ohun tí ọmọdé ń ké ní títì. Bukola Saraki, tí ó jẹ́ olórí Ilé Aṣòfin Àgbà ní Àbújá ní àkókò náà, pàdánù ìbò sẹ́nétọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Fẹ́búárì. Ní ọjọ́ 9 oṣù Máàṣì, AbdulRahman AbdulRazaq di ẹni tí a yàn fún ipò gómìnà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Jánúárì 2020, katakata ìjọba wó Ilé Arúgbó. Ìjọba wí pé ilẹ̀ ìlú ni, ìdílé Sàràkí wí pé tiwọn ni. A kò jókòó sí ìdájọ́ yẹn. Ohun tí ó jọ wá lójú ni pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Tálákà Parapọ̀, ègbè orin wà lẹ́nu ìlú tí ó le ju ti ọlọ́lá kankan lọ. Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé owó ẹgbẹ́ òṣèlú wà lẹ́yìn Ó tó gẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó nìkan kì í jẹ́ kí ìyá aláta kọ orin láàárọ̀ kùtù.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọ̀nà Táíwò, sí inú pápá ìṣeré. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede náà, Kàdúná ni a ti bí i ní 1963, ṣùgbọ́n Ìrá ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni orísun rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Júùnù 1994, ní Dallas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òun ni ó jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ rí nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé, sí àwọ̀n Bulgaria, tí ó sì sáré wọ inú àwọ̀n náà tí ó di í mú, tí ó ń sunkún ayọ̀. Góòlù 37 ni ó jẹ fún ilẹ̀ wa. Ní 1993, òun ni a yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jùlọ ní Áfíríkà. Àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀ ní Ìbàdàn kò fara rọ. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 2012, a sì gbé e lọ sin sí Ìrá. Orúkọ tí ó wà lára ògiri kò lè gbọ́ ìyìn mọ́.

Yẹkínì fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ tí orúkọ ọlọ́lá kan wà lórí rẹ̀, Abiola Babes ti Abẹ́òkúta, kí ó tó ré òkun kọjá. Ìlọrin náà ṣe tirẹ̀. Ẹgbẹ́ Bukola Babes, tí a sọ di ABS lẹ́yìn náà láti inú orúkọ Abubakar Bukola Saraki, gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àgbà ilẹ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Kwara náà sì ti inú ìjọba gómìnà yìí jáde. A kò ní ṣe aláìmoore: ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní bàtà rí bàtà wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ní Ìlọrin ni a ti kọ́kọ́ so bọ́ọ̀lù mọ́ ìṣèlú. Nígbà ogun Hitler, Ọ̀gbẹ́ni Nnamdi Azikiwe kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ZAC, kiri ilẹ̀ yìí, ó ń kó owó jọ fún àwọn ọmọ ogun, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìṣèjọba ara ẹni fún àwọn tí wọ́n wá wòran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá wo ZAC ni ó ń san owó ìwọlé. Ibẹ̀ ni a tún bọ́ sí.

Kwara United ni ó ṣẹ́kù tí a lè pè ní ti gbogbo wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni ín, ìjọba ni ó sì ń sanwó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 28 oṣù Júùnù 2025, ní Oníkan ní Èkó, wọ́n na Abakaliki FC pẹ̀lú gbígbá pẹnáritì, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Federation fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà ti wà. Ayọ̀ kún Ìlọrin, ó sì yẹ kí ó kún. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, Kwara Falcons, ti ṣojú Nàìjíríà kí èyí tó ṣẹlẹ̀, nínú ìdíje BAL ti Áfíríkà ní 2023. Àwọn ọmọ yìí ti ṣe tiwọn. Àwa ni ó kù kí a ṣírò tiwa: bí ìwé owó ọdún kan bá lọ láìrántí bọ́ọ̀lù, tàbí bí gómìnà kan bá dé tí ó fẹ́ràn eré ìje ẹṣin ju bọ́ọ̀lù lọ, kí ni yóò bọ́ ẹgbẹ́ náà? Ìlà ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà pápá yẹn nìkan, bí wọ́n bá pinnu pé àwọn yóò máa ra ìwé ìwọlé, kì í ṣe pé àwọn yóò máa dúró de èyí tí a fi ta ni lọ́rẹ, kò ní jẹ́ kékeré.

Ní ti eré orí ìtàgé, ọ̀rọ̀ wa kò ní gùn, nítorí ohun tí a ní láti tọ́ka sí kò pọ̀, èyí sì dùn wá. A dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975, ibẹ̀ sì ni ilé ẹ̀kọ́ eré wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Zulu Sofola, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ìwé eré jáde ní ilẹ̀ yìí, kọ́ni níbẹ̀ kí ó tó kú ní 1995; Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Akínwálé, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú fíìmù, kú ní 2020. Ọgbà yunifásítì náà jìnnà sí ìgboro, eré tí a bá sì ṣe níbẹ̀ kì í sábà dé etí oníṣòwò. Agbamu ní Kwara ni a ti bí Adéyẹmí Afọláyan tí a ń pè ní Adé Love, ṣùgbọ́n ìta Kwara ni ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Fẹ́mi Adébáyọ̀, tí ó gbé fíìmù Jagun Jagun jáde ní 2023, ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún Gómìnà Ahmed lórí ọ̀rọ̀ àṣà àti eré. Ẹ ò rí i bí okùn náà ti ń fà wá padà sí ibi kan náà.

Ohun tí a lè sọ fún ẹ̀yin oníṣòwò ọ̀nà Táíwò kò le. Ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ sì ń dá owó fún òkú àti fún ìyàwó. Ẹ dá owó ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ pe olórin dadakúàdà kan tí ó mọ iṣẹ́, kí ẹ jókòó yí i ká, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́lá kankan jókòó sí iwájú. Ẹ ní kí ó kọrin owó orí, ẹ ní kí ó kọrin iná mànàmáná àti gọ́tà tí ó dí. Ẹ jẹ́ kí Rédíò Kwara gbà á sílẹ̀. Bí orin náà bá kò yín lójú, ẹ farada á. Ẹ̀yin ni ẹ san owó rẹ̀.

Àkókò náà kò sì jìnnà. Sáà kejì Gómìnà AbdulRazaq parí ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2027, òfin kò sì gbà fún ẹnikẹ́ni láti ṣe ẹ̀kẹta. Àwọn tí ó ń fẹ́ àga náà ti mọ ojúlé àwọn olórin, wọ́n mọ iye tí olórí àwọn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù ń gbà, wọ́n sì mọ òṣèré tí àwòrán rẹ̀ yóò bá tiwọn mu lára ògiri. Ta ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ta táyà ní Táíwò Ìsàlẹ̀ ni ó mọ ojúlé wọn?